Iye Tí Wọ́n Kọ Sára Ìbọn Kọ́ Ni Iye Rẹ̀

Ìbọn méjì ni mo rà kí n tó ní ẹyọ kan. Àkọ́kọ́, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí mo so mọ́ ọn, gba nǹkan bíi 900 dọ́là lọ́wọ́ mi ní oṣù kẹta ọdún 2021. Nígbà tí mo gbé e lọ tà ní ọdún 2023, 430 ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lù mí ní jìbìtì o, èmi gan-an ni mo lu ara mi. Nítorí àwọn àbúrò wa tó ń dé sí Texas ni mo ṣe ń kọ èyí, àwọn tó ti wo fídíò títí tí ọwọ́ fi ń yún wọn, tí gbogbo owó tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ kò sì ju 500 lọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ máa ń wà lórí ìkọ́ lára ògiri yàrá, ọmọdé kan kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀. Bó bá ti inú igbó dé, àní bó jẹ́ ojú wa báyìí ló ṣe yìn ín tán, á tún fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn yọ, á sọ ọ́ sínú ẹnu ìbọn, á wá dẹ etí sí i. Bó bá dún kan-an bí irin tó kan irin, òfìfo ni. Bó bá dún gbì, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. A máa ń sín in jẹ tó bá ti yíjú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ wa.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí àwọn adigunjalè wọlé tọ̀ wọ́n lóru, tí wọ́n yìnbọn lu àjà kí bàbá rẹ̀ tó sọ ibi tí owó wà. Títí dòní, bí wọ́n bá ń yin báńgà lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje níbí, yàrá ìwẹ̀ ló ń sá wọ̀, á ṣí omi sílẹ̀ kó má baà gbọ́ ariwo. Torí náà, nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ ra ìbọn, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò jà. Ó kàn ní, "Dádì Tósìn, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ lápá Navasota, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó sì ti hú ilẹ̀ náà bí ẹni pé katakata ló gba ibẹ̀ kọjá. Láti ọdún 2019, Texas kì í béèrè láísẹ́ńsì ọdẹ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa wọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni, bí onílẹ̀ bá ti yọ̀ǹda. Òyìnbó náà ní kí n máa bọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi ni pé mo ti ń wo ìbọn tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó dé. Kòrónà ṣì wà níta, gbogbo ayé ń ra ìbọn, ẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn ti ràn mí.

Ó yẹ kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó ti ìbéèrè obìnrin yẹn. Ìbọn ẹni tó fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó yàtọ̀ sí ìbọn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, ti ẹni tó fẹ́ pa ọ̀kẹ́rẹ́ sì tún yàtọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi dáhùn.

Ìrìn àkọ́kọ́ já sí òfo. A ti kó kúrò ní Bissonnet, ní Houston, lọ sí Richmond tó wà nítòsí láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àdírẹ́sì àtijọ́ ló ṣì wà lórí láísẹ́ńsì ọkọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30 péré ni ìpínlẹ̀ fún èèyàn láti yí i padà. Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo káàdì, ó wo mi, ó dá a padà fún mi. Mo fa bíìlì iná yọ, ó mi orí. Ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá fún èèyàn ni wọ́n ń gbà, ilé iṣẹ́ iná kì í sì í ṣe ìjọba. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ mi tó ní àdírẹ́sì tuntun ni mo padà mú lọ mọ́ láísẹ́ńsì, ló bá tán. Ẹni tó ń lo green card bíi tèmi á mú káàdì náà dání, torí wọ́n á béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ àjèjì (nọ́ńbà A) tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò, òfin kò gbà á láyè láti rà, àfi àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó ní láísẹ́ńsì ọdẹ tí kò tíì parí. Kí onítọ̀hún lọ bi agbẹjọ́rò, kó má bi mí.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ni wọ́n ń pè ní 4473. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ lò ó, wọ́n á bi yín nípa ẹ̀wọ̀n, nípa ìjà inú ilé, nípa igbó mímu. Ti igbó yẹn, fọ́ọ̀mù náà sọ ọ́ gbangba pé bí ìpínlẹ̀ yín bá fàyè gbà á, òfin ìjọba àpapọ̀ ò fàyè gbà á. Èsì èké níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Mo kọ ọ́ tán, ọkùnrin ìdí káńtà fi ránṣẹ́ sí ètò àyẹ̀wò FBI tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1998. Èsì mẹ́ta ló lè wá: kó máa lọ, kó dúró, tàbí rárá. Tèmi ní kí n dúró. Èèyàn mẹ́ta tò sí ẹ̀yìn mi. Bí ara mi ṣe gbóná, ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè ni mo jọ. Mo ń ro gbogbo ohun tí mo ti ṣe rí, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì tí mo gbà ní ọdún 2017 torí mo fi ọkọ̀ sáré jù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí i, pàápàá bí orúkọ bá jọ ti ẹlòmíràn. Orúkọ wa sì rèé, ìwé kan á kọ orúkọ bàbá síwájú, òmíràn á gé èyí tó wà láàárín kù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì ni wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ọjọ́ méjì tí mo fi dúró yẹn, ìbá dáa ká ní mo fi ronú. 500 dọ́là ni mo mú kúrò nílé. Ìbọn tó wà níwájú mi jẹ́ irú AR-15, ìbọn gígùn tó ń gbé ọta sípò fúnra rẹ̀, àlòkù, ìwọ̀n ọta rẹ̀ .223, iye rẹ̀ 760. Owó orí ọjà ní Houston jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti kọjá 820 nìyẹn. Mo fi skóòpù kan, awò tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan, lé e, 45 dọ́là, mo fi àpò gígùn kan lé e. Ibo ni ìyókù ti wá? Oṣù yẹn ni mo kó àjọ. Owó tó yẹ ká fi ra ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé e délé, mo ní kí ìyàwó mi wá wò ó. Bí mo ṣe ń fà á yọ nínú àpò, ẹnu rẹ̀ yí gba iwájú rẹ̀ kọjá. Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní, "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀." Ó ní, "Ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ni yóò gbà kí wọ́n dẹnu rẹ̀ kọ òun?" Ó jáde. Inú bí mi nígbà náà. Òwe ló pa, mo sì pè é ní àbùkù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sára pátákó ni pé kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, èkejì sì ni pé kí a má dẹnu rẹ̀ kọ ohun tí a kò bá fẹ́ pa run. Òwe náà ni wọ́n fi òyìnbó kọ.

Ọta wá di wàhálà. Lọ́dún yẹn, pẹpẹ gbogbo ilé ìtajà ti gbẹ. Páálí tí mo rí, 20 ọta, 19 dọ́là. Mo ra páálí márùn-ún, 95 dọ́là, mo lọ sí pápá ìyìnbọn. Ìṣẹ́jú 25, ó ti tán. Mo dúró síbẹ̀, èèpo ọta wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi bí èèpo ẹ̀pà, mo ń ṣírò wákàtí iṣẹ́ alẹ́ tí mo fi pa owó yẹn. Ọ̀rẹ́ mi wá fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan lára tirẹ̀. Mo ti fẹ́ máa kì wọ́n sí i nígbà tí ẹni tó ń bójú tó pápá dá mi dúró. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn mi. ".223 Rem" nìkan ló wà níbẹ̀. Ọta tí ọ̀rẹ́ mi fún mi jẹ́ 5.56. Lójú lásán, ìbejì ni wọ́n, ẹ ò lè mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú 5.56 lè ju ohun tí wọ́n ṣe .223 láti gbà. Ìbọn tí wọ́n kọ 5.56 sí lára lè yin méjèèjì, èyí tí wọ́n kọ .223 nìkan sí kò gbọ́dọ̀ yin 5.56. Ohun tí mo fi 760 rà, mi ò tíì ka ohun tó wà lára rẹ̀ rí.

Skóòpù 45 dọ́là náà wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí mo bá yìn ín síbí, á lọ sọ́hùn-ún. Bí mo bá tún un ṣe, ọta mẹ́wàá lẹ́yìn náà á tún ṣí. Mo gbà pé ojú mi ni. Mo lọ ṣàyẹ̀wò ojú, mo ra awò tuntun, 160 dọ́là. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Ìdè tí wọ́n fi de skóòpù náà mọ́ ìbọn ló ti tú díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo sì de é le tán, inú skóòpù náà fúnra rẹ̀ kò lè dúró sójú kan. Bí owó yín bá kéré, ẹ fi sílẹ̀. Irin àfojúsùn tó bá ìbọn wá tó fún akẹ́kọ̀ọ́.

Oṣù méje ni ìbọn náà fi sùn nínú yàrá. Mi ò dé Navasota lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló máa ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, kó tún lọ lúgọ de ẹlẹ́dẹ̀?

Ìdáǹdè mi, ẹ̀kọ́ ọdẹ ni mo ti rí i. Texas sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 síwájú gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kó tó máa ṣọdẹ, owó rẹ̀ ò sì tó ti páálí ọta kan nígbà náà. Màmá òyìnbó kan tó ti lé ní 60 ọdún ló kọ́ wa. Nígbà tí mo sọ ìtàn mi fún un, ó bi mí ohun tí ìyàwó mi bi mí gan-an, mo sì dákẹ́. Ó ní kí n lọ sí pápá tó ń yá èèyàn ní ìbọn, kí n yá ìbọn .22 kan, èyí tó ń lo ọta kékeré, ní 15 dọ́là, kí òun wá wò mí.

Ìwọ̀nba 15 dọ́là yìí ni mi ò mọ̀ pé ó wà! Ọ̀pọ̀ pápá ló ń yáni. Ẹ lè gbé mẹ́ta wò lọ́sàn-án kan, kí ẹ mọ èyí tó bá èjìká yín mu, kí ẹ tó náwó.

Irú .22 kan tí wọ́n ń pè ní Ruger 10/22 ni wọ́n fún mi. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò wúwo, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju páùn márùn-ún lọ púpọ̀. Ọta mẹ́wàá ló ń wọ máagàsíìnì, ìyẹn ilé ọta rẹ̀, wọ́n tò yípo nínú rẹ̀ bí ọmọ ayò, ó sì wọ ikùn ìbọn náà pátá tí nǹkan kan kò yọ sísàlẹ̀. Kò ta mí léjìká rárá. Màmá náà ní kí n yíjú, ó ki ọta sínú máagàsíìnì fúnra rẹ̀, ó fún mi. Mo yin àkọ́kọ́, mo yin èkejì. Nígbà tí mo fa apátí lẹ́ẹ̀kẹta, kò dún. Ọta ẹ̀tàn ló fi sí i láìsọ fún mi. Ẹ wá wo ẹnu ìbọn: ó ti rì sílẹ̀ nǹkan bí ìka méjì, ojú mi sì ti pa dé. Ìbọn kò dún, èmi ti ń sá fún ariwo rẹ̀. Oṣù méje tí mo fi ń bú skóòpù, tí mo ra awò ojú, ẹ̀rù tí ìbọn ńlá yẹn kó sí mi lára náà wà lára ohun tó ń gbé ọta mi lọ sódì.

A yin 100 ọta lọ́jọ́ yẹn, kò tó 10 dọ́là. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo ń kọrin nínú ọkọ̀.

Ó tún kọ́ mi ní ohun kan tí ìbọn bàbá mi àgbà kò lè kọ́ mi. Ṣakabùlà, bó bá ti dún, ó di igi, àfi bí wọ́n bá tún un kì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Fa apátí lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde, kí o sì tó mí, ó ti ta èèpo nù, ó ti gbé òmíràn sípò. Nítorí náà, lẹ́yìn tó bá ti dún ló léwu jù. Bí ẹ bá sì yọ máagàsíìnì, ọ̀kan ṣì lè jókòó nínú ihò ìdí ọ̀pá ìbọn. 10/22 tó sì bá ilé iṣẹ́ wá, bí ọta bá tán, kì í ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ láti sọ fún yín. Ẹ óò yọ máagàsíìnì, ẹ óò fa irin ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní bolt, ẹ óò wo inú ihò, ẹ óò fi ọmọńdinrín kàn án.

Mo gbé ti àkọ́kọ́ lọ tà. Mo lè tà á fún àjèjì níta, Texas kò ní kí ẹni méjì tó jẹ́ ará ibẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kankan láàárín ara wọn, wọn ì bá sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìbọn tí orúkọ mi wà lórí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Ilé ìtajà tó ní láísẹ́ńsì ni mo tà á fún ní 430. Ó dùn mí, mo sì sùn dáadáa.

Báyìí ni mo ṣe ná an: 10/22 tuntun pẹ̀lú owó orí, 335. Àpótí irin tí mo kàn mọ́ ògiri, 120. Ohun ìbotí, 25, torí .22 pàápàá lè pa etí lára. Jígí ojú, 10. 500 ọta, 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 530, àpótí irin wà nínú rẹ̀ o. Ọgọ́rùn-ún péré ni mo fi kún 430. Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni mo kọ́kọ́ rà, kí ẹ má rò pé mi ò gbọ́n rárá.

Nípa ọta .22, ẹ má ra garawa ńlá olówó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ kìíní. Etí ìdí rẹ̀ ni èròjà tó ń dáná wà, bí èròjà náà kò bá yí etí ká dáadáa, kò ní dún. Bó bá kọ̀, ẹ kọjú ẹnu ìbọn síwájú fún 30 ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó ṣí i, ó lè pẹ́ kó tó dún. Èyí tó bá rọ̀ jù kì í lágbára tó láti ti bolt sẹ́yìn, ìbọn á gbé èèpo há ẹnu. Páálí kékeré mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà, mo dán wọn wò, ìbọn mi mú ọ̀kan, mo wá ra èyí náà lọ́pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé .22 lọ bá ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ó kéré, ìyà lásán ni yóò fi jẹ ẹran náà.

Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, wá bá mi lọ́dún tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, mo máa fún yín lówó, ẹ bá mi rà á lórúkọ yín." Mo ní rárá. Ó ní ṣebí ọmọ Yorùbá ni wá. Mo ní ìdí nìyẹn. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 wà fún ẹni tó bá rà á fún ẹni tí òfin kò gbà láyè, àti pé ẹ̀sùn ìbọn lè mú kí wọ́n dá ẹni tó ní green card padà sílé láìwo káàdì rẹ̀. Kò kí mi fún oṣù mẹ́ta. Kò burú.

Bí mo bá ti pápá dé, Tósìn máa ń sáré wá dì mọ́ mi. Ìyàwó mi ló kà á níbì kan pé òjé máa ń wà nínú èéfín ìbọn, pé ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé, omi tútù àti ọṣẹ, mo pààrọ̀ aṣọ, kí ọmọ tó fọwọ́ kàn mí. Òfin Texas ló ní kí ìbọn tó ní ọta má wà níbi tí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 á ti tọ́ ọ. Tìyàwó mi le jùyẹn lọ: ìbọn nínú àpótí kan, ọta nínú àpótí míì, kọ́kọ́rọ́ ìbọn lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ ọta lọ́wọ́ òun.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ìbọn jáde, mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. "Ẹ ti wò ó?"

Mo kọjú ẹnu ìbọn sí igun ògiri, mo yọ máagàsíìnì, mo fa bolt sẹ́yìn, mo fi ọmọńdinrín kan inú ihò. Irin tútù nìkan ló kàn mí lọ́wọ́.

"Ó ti ṣófo."

"Ẹ tún un wò."

Mo tún un wò.